Wáyà Tí Múdàṣírù Gé

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó ìpàdé ní ọgbà mẹkáníìkì wọn ní Ìsọlọ̀, Múdàṣírù dìde kí alága tó la ẹnu. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún méjì. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ àwọn àlejò méjì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wá: Ọmọ́bọ́lájí, awakọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìsọlọ̀, àti Lateefah, tí òun àti Múdàṣírù jọ ń tún iná mọ́tò ṣe rí níbẹ̀ kó tó lọ máa ta gílóòbù ní Òṣòdì.

Gbogbo wọn ló rántí bọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́lájí. Bó bá ti gbóná, ẹ́ńjìnnì á kú. Bó bá tutù, á tún dáhùn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò ní sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ni, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń sọ fún ọpọlọ mọ́tò pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Múdàṣírù, tó ti lé lógún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí. Lateefah ní, "Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ńsọ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ n fi mítà tọ wáyà rẹ̀ lọ." Ó ń rọra mi wáyà náà bó ṣe ń lọ, títí ó fi dé ibi tí ooru sàlẹ́ńsà ti yọ́ ọ lára. Níbẹ̀ ni mítà ti ń ṣe ségesège. Ó so ó, ó wé e, ó gbé e jìnnà sí ooru. Bọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ́bọ́lájí ní, "Àṣé ọ̀gá gan-an ń bẹ níbí, a ò mọ̀." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Múdàṣírù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

"Kí ni obìnrin yìí fi mí ṣe?" ló ń bi ìpàdé. "Kò fi mí ṣe nǹkan kan. Ìgbéraga mi ni." Nígbà tí bọ́ọ̀sì padà wá pààrọ̀ ọ́ìlì, Lateefah lọ kírun Àsárì. Múdàṣírù tú téèpù, ó fi abẹ gé bàbà inú wáyà náà ku fọ́nrán kan, ó sì wé e padà bó ṣe wà. "Mo rò pé yóò kàn kú sójú títì ni, kí wọ́n lè ní iṣẹ́ Lateefah ò dájú."

Bọ́ọ̀sì náà kú lóòótọ́. Orí bíríjì Òṣòdì ló kú sí, tírélà sì rọ́ lù ú látẹ̀yìn. Itan Ọmọ́bọ́lájí ṣẹ́ sí méjì.

"Èyí tó burú jù wá ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ bi mí ohun tó fà á. Mo mi orí, mo ní, 'Mo kìlọ̀ fún Lateefah.' Wọ́n lé e kúrò nínú ọgbà yìí níṣojú mi. Ó ń sọ pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà rí i pé mo so ó dáadáa,' mo ń wo ilẹ̀."

Oṣù tó kọjá ni Ọmọ́bọ́lájí tiro wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn, ó ní, "Ọ̀gá Múda, ẹ̀yin nìkan ni mo lè fọkàn tán." Ọjọ́ náà ni Múdàṣírù pinnu pé òun á jẹ́wọ́.

"Mo tọrọ àforíjì," ló wí, "àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbà pé ọwọ́ Lateefah mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹnìkan bá mọ̀ ọ́n jù yín, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ kọ́ ọ."

Lateefah kọjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ọdún méjì ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ló ṣẹ́ bàbá yìí lẹ́sẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan mọ́tò mọ́." Kò sọ pé òun dárí jì í.

Ọmọ́bọ́lájí ò wo Múdàṣírù rárá. Ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ yọ lápò, ó nà án sí Lateefah. "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ̀ yìí ń gbọ̀n bí mo bá ṣáná sí i. Ẹ bá mi wò ó."

Lateefah wo kọ́kọ́rọ́ náà títí, ó gbà á, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Múdàṣírù ṣí ẹsẹ̀ láti lọ bá a gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni Lateefah wí.