Ẹni Tó Pa Díìsìkì Náà Rẹ́

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ṣé dáadáa lẹ wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ tó ò kí mi láti oṣù kan. Yára sọ̀rọ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì mi ni mò ń lọ̀, mo fẹ́ẹ́ jáde.

ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, tí eyín bá yọ, ṣé ẹ lè dá a padà sáyè ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Eyín ta ni?

ÀBÚRÒ: Eyín mi.

[Nǹkan gbá ilẹ̀kùn: gbì.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí nìyẹn? Ṣé o gbọ́ mi? Níbo lo wà?

ÀBÚRÒ: Ọ́fíìsì wa. Yàrá tí a ń kó wáyà sí. Mo ti tì í látinú. Bọ̀dá ló wà níta.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ mi?

ÀBÚRÒ: Ó fi skírìnì kọ̀ǹpútà là mọ́ mi lójú. Ó wá gbé sílíńdà pupa tí wọ́n fi ń paná, òun ló fi ń — [gbì, gbì] — ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Má bẹ̀ ẹ́. Tó o bá ń bẹ̀ ẹ́, epo lò ń bù síná. Jókòó sílẹ̀, ki orí bọ àárín eékún, fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn.

ÀBÚRÒ: Báwo lẹ ṣe mọ —

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo ṣe fún un?

ÀBÚRÒ: Kernel wa ni, ètò kọ̀ǹpútà tí èmi àti bọ̀dá jọ ń kọ. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ó ti pa rẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó yẹ kó máa darí kọ̀ǹpútà látìgbà tó bá ti jí?

ÀBÚRÒ: Òun. Inú emulator la ti ń dán an wò, kọ̀ǹpútà ayédèrú tó máa ń ṣí nínú wíńdò —

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń rò ó sí mi létí. Sọ ohun tó o ṣe, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí èmi náà lè tún un sọ.

[Gbì. Igi ya.]

ÀBÚRÒ: Emulator máa ń bèèrè díìsìkì. Fáìlì òfìfo la máa ń fún un. Lánàá, oorun ń kùn mí, mo kọ orúkọ díìsìkì gidi, èyí tí gbogbo iṣẹ́ wa wà lórí ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí kernel sì máa ń ṣe tó bá jí ni kó nu díìsìkì mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó nù ún?

ÀBÚRÒ: Tónítóní. Kò ṣiṣẹ́ délẹ̀ rí o, àná ló ṣiṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ rí jẹ ni ara ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Backup ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Orí díìsìkì kan náà ló wà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o ti jẹ́wọ́?

ÀBÚRÒ: Rárá. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní àwa méjì nìkan la ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi náà ní kọ́kọ́rọ́. Fi fóònù sí speaker.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, apá yín tó kán lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní ẹ ṣubú ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Speaker, mo ní. Gbé e sún mọ́ ilẹ̀kùn.

[Gbì. Gbì.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ mi. Èmi ni.

[Gbígbá dúró.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mo wá síbẹ̀ lánàá lẹ́yìn tí ẹ kúrò.

ỌKỌ: [láti ìta] Irọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Díìsìkì gidi ni mo fún emulator. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe tó bá jí ni kó nù ún mọ́, àbí? Mo jókòó, mo wò ó títí ó fi nù ún tán. Inú mi sì dùn.



ỌKỌ: Níbo lo wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé.

[Ìró bàtà. Ilẹ̀kùn ìta pa dé.]

ÀBÚRÒ: Kí lẹ ṣe yìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti lọ?

ÀBÚRÒ: Mo rí i látibi tí igi ti ya, ó gbé sílíńdà yẹn dání. Ẹ sá kúrò nílé, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sá, inú ilé yìí náà ni mo ń sá sí. Nu ẹ̀jẹ̀ ojú ẹ. Pe ọlọ́pàá. Ṣé o gbọ́ —

ÀBÚRÒ: [ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ń sáré jáde] Bọ̀dá! Bọ̀dá, èmi ni! Èmi ni mo — [mọ́tò dún, ó lọ] — Kò dúró. Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún un, kò dúró. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ —

[Ìpè já.]