Irin Ògbólógbòó Tí Ọkọ Mi Kékeré Kùn Lọ́dà

Ẹ dìde, Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ má sọ ẹ̀bẹ̀ di èpè sí mi lọ́rùn, ẹ jókòó sórí àga yẹn kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín fojú mi rí, torí ó dá mi lójú pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ fún yín! Ó ní mo ba ìgbéyàwó jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́? Òótọ́ ni! Mo bà á jẹ́. Bó bá tún rí òmíràn, màá tún bà á jẹ́!

Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, ta ló tún ń fọwọ́ kan ọkọ̀ mi bí kì í bá ṣe òun? Nígbà tí sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí mo bá ti fẹ́ yà, kọ̀-kọ̀-kọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, tí táyà iwájú jẹ lápá inú tí apá ìta ṣì le koko, ta ni mo sáré lọ bá? Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, ó mì ín, eyín arúgbó ò mì tó bẹ́ẹ̀! Ẹ má bínú, Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ó ní, “Ìyàwó wa, táírọ́ọ̀dù ló ti jẹ, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà nìyẹn. Bó bá já lójú ọ̀nà, ẹ ò ní lè darí ọkọ̀ mọ́ o.” Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Ká ní kò mọ̀ ni, ǹ bá ti gbà pé àṣìṣe ni.

Mo lọ ra tuntun, tọ̀tún tòsì, mo fi lé e lọ́wọ́ nínú páálí. Nírọ̀lẹ́ ó gbé ọkọ̀ dé, ó ń fi àkísà nuwọ́, ó ní ó ti parí. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, irin dúdú, ó ń dán. Mo wúre fún un! Ẹnu mi yìí náà ni, Màmá!

Àfi ìgbà tí èmi àti ọmọ ọmọ yín ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Mo fẹ́ yà, mo gbọ́ gbà! Táyà kan kọjú sọ́tùn-ún, ìkejì kọjú sósì, sítíárìn ń yí lófo lọ́wọ́ mi bí ọmọrí ìkòkò. Ògiri ilé káfíńtà ló gbà wá dúró. Apá ọ̀tún ọmọ mi ló kán, Màmá. Aránṣọ! Egungun ń ro ó, ó ń bi mí pé, “Mọ́mì, aṣọ àwọn oníbàárà mi ńkọ́?” Yéè!

Ẹ ní kí n rọra? Rírọra wo?

Obìnrin mẹkáníìkì tó wá wọ́ ọkọ̀ lọ ló pè mí kí n wá wò ó. Rọ́bà tó bo gírísì ti ya, orí irin tó rí roboto ti bọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀. Mo ní, “Tuntun mà ni.” Ó fi èékánná ha á. Ọ̀dà ló ń ṣí, irin tó ti dógùn-ún ló wà lábẹ́ rẹ̀! Ọmọ yín kun ògbólógbòó lọ́dà, ó dá a padà sábẹ́ èmi àti ọmọ mi! Ìṣojú mi ni obìnrin yẹn fi òmíràn sí i lọ́tùn-ún lósì: ó ka iye ìgbà tó yí ti àtijọ́ kó tó bọ́, iye yẹn náà ló yí tuntun wọlé, ó fún nọ́ọ̀tì pinpin, ó ní kí n lọ jẹ́ kí wọ́n to táyà kó dọ́gba. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi parí. Iṣẹ́ tí kò gba odindi ọjọ́, nítorí rẹ̀ lọmọ yín ṣe ta apá ọmọ mi!

Tuntun tèmi wá dà? Mo bi í títí ó fi jẹ́wọ́. Abẹ́ ọkọ̀ bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló kó o sí, kí bàbá lè máa yìn ín pé ọ̀làwọ́ ni! Mo gba ilé bàbá náà lọ. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo gbé ògbólógbòó méjèèjì ka orí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń jẹun, mo ní, “Ẹ kú ìjókòó o. Tiyín nìyí, tèmi ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yín.” Bàbá wò ó títí, ó ní òun ò ní ọmọ tí òun máa fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n purọ́ fún yín? Inú mi dùn wọ egungun!

Kí lẹ wí? Ó wà níta? Nínú ọkọ̀ tó gbé yín wá? Ha-ha! Ó ti ìyá síwájú, òun fi ara pamọ́ sẹ́yìn gíláàsì!

Ẹ lọ pè é wọlé. Kó má bẹ̀ mí. Kó lọ bá ọmọ mi nínú yàrá, kó wò ó lójú, kó ní, “Mo mọ̀ pé ó lè pa yín, mo sì ṣe é.” Lẹ́yìn náà, kó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo aṣọ tí àwọn oníbàárà ń béèrè, òun ni yóò máa rán an, títí apá ọmọ mi yóò fi jinná.

Kò mọ aṣọ rán kẹ̀? Kí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gún un dáadáa, yóò mọ̀ ọ́n!