Ohun Tí Mo Fi Kún Óòtì Mọ́mì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí ẹní yín, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ti wúwo ju ohun tí mo lè dá gbé lọ. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, wà nínú yàrá, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì wọn tí dókítà ti gé ọmọ ìka méjì kúrò lára rẹ̀ sórí tìmùtìmù, wọ́n ń gbàdúrà. Ṣé ẹ mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà? Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ kan ji àwọn, ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn kò rántí pé àwọn dá. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rántí? Kì í ṣe àwọn ló dá a. Èmi ni. Èmi ìyàwó ilé tí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì fi ń ṣe àpèjúwe fún ìyàwó tiwọn, èmi tí àwọn àna mi ń kí pé mo kú ìtọ́jú. Ìtọ́jú! Ẹ ò rí ayé.

Aránṣọ ni mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Festac yìí ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, ilé tí Mọ́mì àti olóògbé bàbá ọkọ mi rà nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair, kì í sí nílé látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà èmi àti Mọ́mì la jọ ń wo ojú ara wa. N kò ní parọ́ fún yín, ẹnu mi mú, mo sì nífẹ̀ẹ́ ìyìn. Bí oníbàárà bá ní aṣọ tí mo rán kò bá òun mu, oorun ò ní kùn mí títí n ó fi tú u tán tí n ó sì tún un rán. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìyìn yìí náà ló sì kó bá mi.

Nígbà tí dókítà sọ pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ, etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹ̀bà mọ́, kò gbọdọ̀ sí gàrí, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀kọ, kò gbọdọ̀ sí búrẹ́dì funfun. Ó ní láàárọ̀ kí wọ́n máa jẹ óòtì, ọkà òyìnbó tó máa ń wà nínú agolo, tí a ń rò lórí iná bí ìgbà tí a bá ń ro ògì. Ó ní ṣíbí mẹ́rin péré. Mo bá ń ro ṣíbí mẹ́rin. Ẹ wò ó, ṣíbí mẹ́rin yẹn, bí mo bá dà á sínú abọ́ tánganran tí Mọ́mì fẹ́ràn, ìsàlẹ̀ abọ́ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Mọ́mì á wo abọ́, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹyẹ ni mo dà ni?" A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá bá lù, ebi á ti máa pa wọ́n, wọ́n á máa rìn yí ilé ìdáná ká bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ọjọ́ kan ni àwọn ìyá ìjọ mẹ́ta wá kí Mọ́mì láàárọ̀, mo sì gbé oúnjẹ wá lójú wọn. Mọ́mì gbé abọ́ náà sókè, wọ́n ní, "Ẹ bá mi wo nǹkan, ẹ jọ̀ọ́. Oúnjẹ tí ìyàwó mi ń fún mi nìyí." Wọ́n ń ṣàwàdà ni o, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Haa! Nílé tiwa, bí a bá rí ìdí abọ́ àgbà, wọ́n ti bú u nìyẹn." Háà, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara! Ní Ìkirè tí wọ́n ti bí mi, ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ kọ́ mi nínú ilé ìdáná ni pé a kì í gbé abọ́ àbọ̀ síwájú ìyá ọkọ. Ìwọ̀nba tó bá wà kó kún. Bí kò bá kún, fi nǹkan kún un. Ọbẹ̀ ò pọ̀? Fi omi kún un. Ẹran ò tó? Fi pọ̀nmọ́ kún un. Ìyàwó tó gbọ́n kì í jẹ́ kí abọ́ tú òun fó. Ohun tí mo gbé wọ ilé ọkọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó gbé omi kaná, mo bu gàrí funfun. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń mirí. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo da gàrí náà sínú bulẹ́ńdà, mo lọ̀ ọ́ títí tó fi kúnná bí àtíkè, mo dà á sínú agolo mílíìkì òfìfo kan, mo tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí àwọn àwo àlejò wà. Nígbà tí óòtì hó, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, mo rò ó. Ó wú! Ó kún abọ́ dé etí, ó ki, ṣíbí dá dúró nínú rẹ̀. Mọ́mì jẹ ẹ́, wọ́n fi ìka nu etí abọ́, wọ́n gbàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí. Wọ́n pe ọmọ wọn obìnrin lórí fóònù, wọ́n ń pariwo, "Bísí, ìyàwó yín ti mọ bí wọ́n ṣe ń se óòtì o! N ò mọ̀ pé ó lè yó èèyàn báyìí!" Lọ́jọ́ yẹn, mo rán aṣọ mẹ́ta, orin ló wà lẹ́nu mi.

Wọ́n ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀kúnwọ́ kan kì í ṣe ẹ̀bà. Mo ní dókítà ò mọ bí ebi ṣe ń rí lára àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ara mi ní ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá: bí kì í bá ṣe pé ọkàn mi mọ̀ pé kò dára, kí ni mo lọ gàrí kúnná fún? Kí ni mo ń fi agolo pa mọ́ sẹ́yìn àwo àlejò fún? Ta ni mò ń sá fún nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn ju èmi àti ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ? Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì ń bù ú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan di méjì.

Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Satellite Town ni wọ́n ń gbé. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà wá. Sátidé kìíní, ṣúgà ti gòkè. Sátidé kejì, ó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí ní, "Mọ́mì, kí lẹ jẹ?" Mọ́mì ní, "Ohun tí ìyàwó yín fún mi ni." Àǹtí ò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ṣí báàgì ṣọ́ọ̀ṣì Mọ́mì, wọ́n tú u sórí bẹ́ẹ̀dì, súìtì olóòórùn méjì já bọ́, irú èyí tí àwọn ìyá máa ń fi sẹ́nu nígbà ìwàásù. Ó parí! "Ẹ rí i? Ẹ rí i? Ẹ̀ ń pa ara yín, ẹ wá ń parọ́ mọ́ oúnjẹ!" Mọ́mì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, na ọwọ́ sórí Bíbélì, wọ́n ń búra pé ó ti tó oṣù méjì tí súìtì náà ti wà nínú báàgì. Ọmọ wọn ò gbà wọ́n gbọ́. Ọkọ mi náà ń mirí. Èmi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, tí mo gbé àwo dání. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Mọ́mì jà. Àgbà a máa ṣe bí ọmọdé nígbà míràn." Wọ́n rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yẹn ló fi èdìdì dì í pé Mọ́mì jẹ̀bi.

Kí ló dé tí n kò dáwọ́ dúró? Ẹ má bínú sí mi. Bí mo bá dín abọ́ náà kù lójijì, Mọ́mì á béèrè. Bí Mọ́mì bá béèrè, Àǹtí á gbọ́. Mo ní n ó dín in díẹ̀díẹ̀. Kí n tó dín in, okùn bàtà ha Mọ́mì lẹ́sẹ̀. Egbò kékeré, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Egbò náà ò jiná. Ó wú, ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, dókítà ní ó ti pẹ́ jù, pé ọmọ ìka méjì gbọ́dọ̀ lọ kí ẹsẹ̀ lè kù. Yéè! Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ìyá tó bí mi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò níbẹ̀, ṣúgà Mọ́mì sì wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi mí pé kí ni Mọ́mì ń jẹ láàárọ̀ nílé. Mo ní óòtì. Ó ní, "Óòtì nìkan?" Mo ní óòtì nìkan. Ó wò mí. Ìgbà tó yá ni mo wá ní, "Mà, ìṣòro wa ni pé kì í yó wọn. Ó kéré jù." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé torí ìyẹn ni? Kí ló dé tí ẹ ò béèrè?" Ó ní kí n rẹ ṣíbí mẹ́rin náà sínú omi láti ìrọ̀lẹ́, á mu omi, á wú. Ní àárọ̀, kí n fi omi púpọ̀ sí i, kí n sì fi iná díẹ̀díẹ̀ sè é, kí n má kánjú, kí n máa rò ó. Kí n po funfun ẹyin méjì títí á fi hó ìfófòó, kí n máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń rò ó kó má bàa dì. Bí mo bá fẹ́ kó tún pọ̀ sí i, kí n fi irin tí a fi ń rin ilá rin kùkúńbà sí i. Ṣíbí mẹ́rin yẹn náà ni o, á kún abọ́, á sì dúró nínú wọn di ọ̀sán. Ó ní, "Omi àti sùúrù ni." Ẹkún gbà mí lẹ́nu níbi tí mo jókòó sí. Ó rò pé àárẹ̀ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìbéèrè kan tí mi ò bi ẹnikẹ́ni nítorí kí wọ́n má bàa sọ pé mi ò mọ oúnjẹ sè.

A délé, mo da ìyókù gàrí lílọ̀ náà nù, mo sì ju agolo rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn kólẹ̀kólẹ̀. Óòtì tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi ni mò ń sè báyìí, ó sì ń kún abọ́ dé etí. Mọ́mì tọ́ ọ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ó kún o. Ṣùgbọ́n ti tẹ́lẹ̀ le jù ú lọ. Kí lo máa ń fi sí i tẹ́lẹ̀?" Mo ní kò sí nǹkan, pé iná ni. Ṣúgà ò gòkè mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ wọn sọ sí i: "Ẹ ò rí i? Láti ìgbà tí a ti ń ṣọ́ wọn, ara wọn ti balẹ̀." Wọ́n ti gba báàgì Mọ́mì. Wọn ò jẹ́ kí Mọ́mì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jẹ́ kí Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, Àǹtí Bísí fẹ́ wá kó wọn lọ sí Satellite Town, sínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ Àǹtí. Àwọn ọmọ ní bí Mọ́mì bá jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ ní kọ̀rọ̀, àwọn lè fi wọ́n sílẹ̀ nílé wọn.

Láàárọ̀ àná, Mọ́mì dì mí lọ́wọ́ mú nígbà tí mo wá gbé abọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ti ń rò ó. Bóyá mo jẹ nǹkan lóòótọ́ tí mo gbàgbé. Ìyá tèmi náà gbàgbé orúkọ gbogbo wa kí wọ́n tó kú. Bóyá orí mi ti ń lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, n ó sọ fún wọn pé mo jẹ ẹ́. Ìwọ nìkan ni o ò bú mi, ìwọ ni kó o bá mi bẹ̀ wọ́n." Mo gbé abọ́ náà lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. N kò mọ̀ pé bí aṣeni ṣe ń rí nìyí: á wé gèlè, á gbé àwo oúnjẹ dání, wọ́n á sì máa gbàdúrà fún un.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Mo mọ ẹnu Àǹtí Bísí, mo sì mọ ìbínú ọkọ mi, bó bá gbọ́ ọ, bóyá mi ò ní sun ilé yìí mọ́jú. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọmọ ìka ò ní hù padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ìka ẹsẹ̀ méjì ni mo ti gbà lọ́wọ́ ìyá yìí, ṣé kí n tún gba orí wọn ni? Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ pè sí kọ̀rọ̀, àbí kí n dúró títí gbogbo wọn á fi pé kí n kúnlẹ̀? Àbí Mọ́mì fúnra wọn ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọpọlọ wọn pé? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ọ̀túnla ni ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ti ń pè mí láti inú yàrá báyìí. Wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn, kí n bá wọn rántí ohun tí wọ́n jẹ.