Fọ́tò Orí Tíṣà Tí Mo Gbé Kọ́ Lódì

Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ará, nítorí pé mi ò dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pa Tíṣà Àjàyí. Díẹ̀ ló kù. Ẹ ti dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà. Ẹ gbé mi jókòó sórí àga iwájú, ẹ sì gbàdúrà lé mi lórí. Ọpẹ́ ọjọ́ náà kò pé. Mo wá parí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá parí rẹ̀ tán, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba ìyìn yín padà.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Orí èèyàn ni mò ń là ní ọsibítù ńlá kan n'Íbàdàn, láti mú ohun tí kò yẹ kó wà nínú ọpọlọ kúrò. Àwa méjì ni ọmọ agbègbè yìí tó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Èkejì mi ni Dókítà Ràímì, ọmọ Ìjàgbó, Mùsùlùmí, tí mo fi ọdún márùn-ún dàgbà jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, n óò sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí ẹni tó ń jẹ́rìí tó sì ń fi apá kan pamọ́, irọ́ ló ń pa.

Mo ń ṣe ìlara rẹ̀. Ìlara náà ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà, tí ẹni tó wà nínú ilé kò ní mọ̀.

Kì í sì í ṣe pé mi ò ní ìdí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ti ìlú òyìnbó dé, ọdún méjì gbáko ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní téṣàn rélùwéè Ọ̀fà, ìyá mi àti alágbàárù kan ló pàdé mi. Wọ́n ní òjò ló ń rọ̀. Lóòótọ́, òjò rọ̀. Nígbà tí Ràímì dé, òjò rọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀ náà, mo wádìí rẹ̀, síbẹ̀ èrò kún téṣàn dé etí irin. Àwọn ọmọ ilé ìwé tò. Ará Ìjàgbó wá, ará Ọ̀fà wá, àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí náà wá. Mo mọ̀ yín.

Nígbà tí a dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá wa tó jẹ́ òyìnbó fún un ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú nínú tíátà tí a ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni ó fún èmi, ọjọ́ tó ti rẹ gbogbo nọ́ọ̀sì. Bí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan bá sì ta kókó, ojú mi kọ́ ni ọ̀gá máa ń wò, á ní kí wọ́n lọ pe Ràímì. Mi ò lè sọ pé ojúsàájú ni. Ọwọ́ Ràímì fúyẹ́, mo ti dúró tì í, mo ti rí i. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Bí a bá ti la orí tán, tí a sì rán an padà, a óò jókòó ti ẹni náà, a óò máa pe orúkọ rẹ̀. Òmíràn á dáhùn. Òmíràn á lajú, kò sì ní dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Òmíràn kò ní dáhùn rárá, ẹni tó sì di abẹ mú ló gbọ́dọ̀ jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ìta. Mo ti rin ìrìn náà lọ sídìí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó yẹ kí n máa gbàdúrà fún ẹnì kan ṣoṣo láti ìlú wa tó mọ bí ìrìn náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn Ràímì bá kú, ara máa ń tù mí. Mo máa ń ka àwọn tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. N kì í ka tèmi.

Ẹ rántí bí Tíṣà ṣe ṣubú. Orí àkàbà ló wà, ó ń so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ òkè fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì fún Ìkórè. Ó ṣubú, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó sídìí dùùrù. Ó lé lóṣù kan kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí Màmá Tíṣà, ìyàwó rẹ̀, sì ń rí i tó ń wọ ẹ̀wù lódìlódì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a óò la orí rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe: wọ́n pe onígbàjámọ̀ wá sílé, ó fá orí Tíṣà kodoro kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Màmá Tíṣà ní òun ò ní jẹ́ kí ẹni tí òun kò mọ ìyá rẹ̀ fá orí ọkọ òun. Mi ò bá a jà. Orí ni.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, dókítà tó bá gba aláìsàn wọlé ló máa ń fá irun apá ibi tí a óò là nìkan, á sì fi irun ìyókù sílẹ̀. Àmì wa nìyẹn. Ẹni tó bá wọ tíátà ti rí ibi tí iṣẹ́ wà kó tó béèrè. Ràímì ló gba Tíṣà wọlé, òun ló sì ya fọ́tò inú orí rẹ̀. Kò rí irun tó máa fá. Nítorí náà ó kọ lẹ́tà, ó fi pín-ìnnì kan án mọ́ fáìlì: ẹ̀jẹ̀ ti dì sí apá òsì. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì fi máa mọ́, Tíṣà kò gbọ́ ìpè mọ́, ọjọ́ Ẹtì sì ni ọjọ́ tèmi.

Mo rí lẹ́tà náà. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún régé tí ọ̀gá wa máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò kà á. Mo wí nínú ara mi pé tíṣà tèmi ni, òun ló kọ́ mi ní ABD, ọmọ Ìjàgbó kọ́ ni yóò wá júwe orí rẹ̀ fún mi. Mo gbé fọ́tò náà kọ́ fúnra mi síwájú iná tí a fi ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Lódì ni mo gbé e kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí mi. Òsì di ọ̀tún. Mo ní kí wọ́n yí orí Tíṣà kí apá ọ̀tún wà lókè, mo fi áyódìn kùn ún, mo gba abẹ.

Ìgbà náà ni Ràímì ṣílẹ̀kùn.

Mo bi í pé, "Ta ló ránṣẹ́ sí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n wá wo Tíṣà ni."

"O ti wò ó lánàá. Máa lọ."

Àwọn nọ́ọ̀sì wolẹ̀. Ràímì wo orí tó wà lórí tábìlì, ó wo fọ́tò. Àkókò rẹ̀ nìyẹn. Ká ní èmi ni mo wà ní ipò rẹ̀, ẹ̀yin ará, mà bá ti pariwo kí gbogbo ọsibítù lè gbọ́. Ó rọra lọ sídìí iná, ó gbé fọ́tò sọ̀ kalẹ̀, ó yí i padà, ó tún gbé e kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "iná yìí kò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ bá mi tún un wò."

Iná náà mọ́lẹ̀ rokoṣo. Mo tún un wò. Abẹ mi kò ju ìbú ìka kan lọ sí awọ orí Tíṣà. Mo sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n yí orí Tíṣà padà. A la apá òsì, ẹ̀jẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó tú jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, mo pe orúkọ Tíṣà, ó lajú, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ta ló máa tẹ dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ká ní mo ti la apá ọ̀tún ni, Tíṣà ì bá kú. Mà bá jáde lọ bá Màmá Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì, mà bá ní àìsàn náà ló ju agbára wa lọ. Á sì gbà mí gbọ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ràímì kò sọ fún ẹnì kankan. Mo dúró kó sọ, nítorí bó bá sọ, mà bá rí ẹ̀sùn kan fi kàn án. Kò sọ. Ìyẹn bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ téṣàn lọ. Ẹ̀yin wá ṣe ìdúpẹ́, ẹ ò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò sì dá a. Ọmọbìnrin Tíṣà bímọ, wọ́n fi orúkọ mi sọ ọmọ náà, Jòsáyà. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mi ò lè wojú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo gbàdúrà. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí Ràímì ṣe àṣìṣe ńlá kan kí àwa méjèèjì lè jọ dọ́gba. Ọlọ́run kò gbọ́ àdúrà yẹn, mo sì ń dúpẹ́ lórí ìyẹn náà.

Lánàá mo lọ sílé Tíṣà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Màmá Tíṣà dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ. Kò tíì dá mi lóhùn títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Tíṣà fọwọ́ kan àpá orí rẹ̀.

"Jòsáyà, inú ilé mi kọ́ ni wọ́n ti yìn ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ibẹ̀ ni o ti máa dá a padà."

Mo ní bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ará Ọ̀fà tó tún máa gbé orí wá fún mi.

"Ṣé o ti wá ń ka lẹ́tà ẹni náà kí o tó gba abẹ?"

Mo ní mò ń kà á báyìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó dáa. Sọ ìyẹn náà fún wọn."

Mo ti sọ ọ́. Mo sì ti dá ìyìn yín padà. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìlara náà ti tán. Bí mo ṣe ń wí yìí, mo mọ̀ pé ẹ óò yin Ràímì, ó sì ń ta mí lára. Ṣùgbọ́n ògo ni fún Ọlọ́run tó fi ọwọ́ tí mi ò fẹ́ràn di ọwọ́ mi mú, tí kò jẹ́ kí n ta ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kọ́ mi sílẹ̀.

Ràímì wà ní Ìjàgbó lónìí, nílé ìyá rẹ̀. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Tíṣà ní bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn tán, ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn lọ síbẹ̀ láti fi orí òun hàn án, ó sì ní iwájú ni kí n wà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa yọ̀, kó tẹ̀ lé wa. Ẹ̀yin akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orin náà sókè gan-an kí a tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, nítorí mi ò tíì mọ ohun tí n óò sọ bí mo bá débẹ̀.