Iná Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Mú Lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fún mi láyè. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, Dámilọ́lá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, àwọn kan sì rò pé òun ni mò ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Rárá o. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́. Inú fídíò lórí fóònù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ puroguráàmù, àti bí wọ́n ṣe ń so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Bàbá mi tó ń ṣe bíríkìlà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí a máa ní, "Dámi, ta ni tíṣà ẹ gan-an?" Màá kàn na fóònù mi sókè.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ kan wà ní Ajah, tó ní ibi tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Wọ́n ń wá ẹni tó máa mójú tó ẹ̀rọ wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin ará, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn á fi oṣù kan dán mi wò.

Sátidé kan, àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò láago mẹ́wàá. Láàárọ̀, láti ilé, mo fi láptọ́ọ̀pù mi wọnú rọ́tà wọn, ìyẹn àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Mo fẹ́ dínà kí àwọn ọmọ má baà ṣí nǹkan mìíràn. Òfin tí mo tẹ̀ síbẹ̀ le jù. Ó dínà fún gbogbo kọ̀ǹpútà, ó sì ti èmi gan-an mọ́ta, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.

Mo sáré wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ mọ ẹspirẹ́ẹ̀sì wa àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀. Mo ń gbàdúrà sókè: "Bàbá, jọ̀ọ́, jẹ́ kó ṣí. Má sì jẹ́ kí wọ́n mú iná lọ o, torí tí wọ́n bá tún mú iná lọ, ó parí fún mi." Ìyá kan tó jókòó tì mí ń ṣe àmín, wọn ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣí.

Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ ti jókòó, àwọn òbí ti kún ojú fèrèsé. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, "Dámilọ́lá, kí ló dé?" Mo ní, "Mò ń wò ó, mà." Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo tẹ̀, kò dáhùn. Mo kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì bíi pé wáyà ni mò ń yẹ̀ wò, àdúrà ni mò ń gbà. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi mú iná lọ.

Gbogbo kọ̀ǹpútà kú. Mo bú sẹ́kún lábẹ́ tábìlì.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Àǹtí, tèmi ti ṣí." Ẹlòmíì ní tòun náà ti ṣí. Ẹ̀yin ará, rọ́tà yẹn, ohun téèyàn bá tẹ̀ sínú ẹ̀ tí kò séèfù, tí iná bá ti kú, ó máa gbàgbé ẹ̀ ni. Mi ò séèfù. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀, mi ò tíì dé ibẹ̀ nínú fídíò. Ká ní Ọlọ́run gba àdúrà mi bí mo ṣe gbà á ni, àwọn ọmọ yẹn ì bá padà sílé láì ṣe ìdánwò.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbá mi léjìká, wọ́n ní, "O mọṣẹ́ o." Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, èmi ni mo bà á jẹ́. Iná tó lọ ló tún un ṣe. Mi ò sì ṣe iṣẹ́ yìí níbì kankan rí."

Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní, "Èèyàn mẹ́rin ló ti ṣiṣẹ́ yìí fún mi. Gbogbo ìgbà ni nǹkan ń bà jẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n, kò sẹ́ni tó bà á jẹ́ rí. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwọ ni mo fẹ́."

Inú iṣẹ́ yẹn ni mo wà títí di òní, ayọ̀ rẹ̀ ò sì tíì tán nínú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ Ọlọ́run tó dà bíi pé ó kọ̀, mi ò mọ ohun tó ń ṣe sí tiyín. Tèmi ni mo rí. Ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ sì gbé ògo fún un, torí ó mọ ohun tí èmi ò mọ̀ bèèrè.