Ọjọ́ tí Púrínsípà Mú Mílíìkì nínú Ṣọ́ọ̀bù Wa

Nígbà tí orúnkún mi ṣì dára, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó dé Bódìjà láìdúró sinmi… Bùnmi, ọmọ ọmọ mi, sún mọ́bí. Torí ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ gbọ́.

Àkáǹtì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Wọn ò sì fẹ́ ẹ rárá! Tí mo bá ti fa ìlà sójú pátákó, tí mo kọ ohun tó wọlé sápá òsì, ohun tó jáde sápá ọ̀tún, oorun dé nìyẹn. Wọ́n ń sá lọ sí kíláàsì mìíràn. Púrínsípà wa pè mí. Wọ́n ní, "Màdáámù, tí àwọn ọmọ yìí ò bá pọ̀ sí i kí táàmù tó parí, a ó yọ Àkáǹtì yìí kúrò nílé-ìwé wa o." Mo ní lọ́kàn mi: Ràṣídá ńkọ́, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù Mọ́kọ́lá, tó ní akáǹtáńtì lòun fẹ́ dà? Níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Bàbá yín àgbà… kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere… tíṣà Físíìsì ni wọ́n, nílé-ìwé kan náà. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n gbójú sókè: "Ìyá Dàpọ̀, àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Òwò tí wọn ò fojú rí lò ń kọ́ wọn."

Ni wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà wọn wá, wọ́n tún yá ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. A to mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ sórí tábìlì: ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Ẹni tó bá rà, ẹni tó bá tà, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, a ó ka ọjà tó kù. Tó bá bá ìṣirò mu, ògiri á di àwọ̀ ewé. Tí kò bá bá a mu, pupa! Ẹ wá gbọ́ ariwo! Àwọn tó ti sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, púrínsípà já wọlé. "Ta ló ń wo bọ́ọ̀lù níbí?"

"Àkáǹtì ni, sà!" làwọn ọmọ pariwo.

"Àkáǹtì wo ló ń dùn báyìí?"

Ràṣídá ní, "Ẹ wá ṣe ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wa, sà, kí ẹ rí i."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ta ọṣẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé! Inú wọn dùn. Wọ́n bá mú mílíìkì kan, wọ́n jù ú sápò, wọ́n ní ti tíì ilé nìyẹn. Ràṣídá ka ọjà, ó tẹ̀ ẹ́. Pupa!

"Kọ̀ǹpútà yìí ń purọ́! Ta ló jalè?"

"Ẹ̀yin ni, sà! Mílíìkì inú àpò yín ńkọ́?"

"Ṣebí èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù? Ṣé èèyàn ń jí ọjà ara rẹ̀ ni?"

"Ohun tí màmá mi náà máa ń sọ nìyẹn, sà. Wọ́n á ní ọjà ò mú èrè wá. Àwa la mu èrè ọ̀hún nílé! Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ kọ ohun tó bá mú."

Ẹ̀rín da kíláàsì rú. Púrínsípà náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn, tí wọ́n ń nu omijé. Fúnra wọn ni wọ́n tẹ mílíìkì náà sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Màdáámù, ẹ máa kọ́ wọn lọ. Kò sẹ́ni tó máa yọ èyí kúrò."

Táàmù tó tẹ̀ lé e, bẹ́ǹṣì ò tó wa mọ́!

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín… bàbá yín àgbà ni ò sí. Wọn ì bá gbádùn ayé yìí o! Bùnmi, tí wọ́n bá ń sùn ní kíláàsì rẹ, má nà wọ́n. Wá ohun tí wọ́n á fojú rí.