Èmi Ni Mo Pe Bàbá Tokuji Ní Aṣarán Arìnkiri

Ẹ̀yin ará Minasato, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Orin aago márùn-ún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn ni ìgbẹ̀yìn tí màá fi síta fún yín láti ọ́fíìsì ìlú yìí. Ẹ má tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń gé ewébẹ̀ lọ́wọ́, kó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹni tó wà nínú omi ìwẹ̀ gbígbóná, kó jókòó síbẹ̀, yóò gbọ́ mi láti ibẹ̀ náà. Èmi Karasawa Misao, tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi láti ẹnu gbohùngbohùn orí òpó láti ìgbà tí púpọ̀ nínú yín ti wà lọ́mọdé, mo fẹ́ fẹjọ́ ara mi sùn yín. Lọ́jọ́sí, dókítà sọ fún mi pé ọpọlọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Mo ní, "Dókítà, ṣebí ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ó ní, "Rárá o, òní ni mo kọ́kọ́ rí yín." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jáde síta, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù àìsàn o. Bí mo bá gbàgbé ohun tí mo ṣe kí n tó sọ ọ́, ta ni yóò bá mi tọrọ àforíjì? Nítorí náà, òní ni òtítọ́ máa jáde.

Ẹ rántí bí a ṣe ń kéde àwọn àgbà tó bá jáde nílé tí wọn ò tètè padà: "A ń wá aṣarán arìnkiri kan. Ẹni tó bá rí i, kó dá a dúró, kó pe ọ́fíìsì." Ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni. "Àgbàlagbà kan" ni wọ́n ní kí n máa pè é, mo ní ìyẹn ò dùn létí. Aṣarán arìnkiri! Ó máa ń dún lára òkè, á tún padà wá bá mi, inú mi á sì máa dùn. Ojú ò tì mí. Kò pẹ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ìgbìmọ̀ náà kò sì mọ orúkọ mìíràn pe àwọn àgbà wọ̀nyí mọ́. "Kí la máa ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn arìnkiri?" Ẹni tí ẹ bá ti pè ní arìnkiri, kí lẹ tún fẹ́ ṣe fún un ju kí ẹ tì í mọ́lé lọ? Wọ́n kọ́ Ilé Òkè, wọ́n fi àgádágodo sí i, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí a bá kéde lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ó wá kan ìyá mi. Màmá Hatsue jáde lẹ́ẹ̀kan, mo kéde wọn. Wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kejì, mo tún kéde wọn. Lọ́jọ́ tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ yẹn kọ̀, kò jáde. Ohun tí ẹ gbọ́ ni: "Màmá Hatsue nasẹ̀ jáde. Ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀. Ẹni tó bá rí wọn, kó kí wọn, kó bá wọn rìn díẹ̀, kó sọ fún wọn pé ọbẹ̀ miso ti jinná." Ẹ̀yin ará ìlú yìí náà, ẹ ò kẹ̀rẹ̀! Ìyàwó ẹlẹ́ja ló mú wọn wálé, pẹ̀lú olùkọ́ méjì, àti ajá kan tí a ò mọ ilé rẹ̀ títí dòní. Màmá gbé kábéèjì rẹpẹtẹ mọ́ àyà, wọ́n ní, "Misao, ìlú yìí mà dùn o! Kí ló dé tí ìwọ kì í jáde?"

Olórí ìlú pè mí. "Ta ló ní kí o yí ìkéde padà?" Mo ní àṣẹ tuntun ló dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba lókè. Irọ́ funfun báláú! Wọ́n gbà á. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí "arìnkiri" nínú ohun tí mo sọ, wọn ò rí i kà sí Màmá lọ́rùn. Ká tó ṣẹ́jú, ẹ̀yin fúnra yín ti ń tẹ̀ mí láago: "Misao, bàbá tèmi náà o, má gbàgbé ti ọbẹ̀!" "Tèmi fẹ́ràn orin, sọ fún wọn kí wọ́n ní kó kọrin!" Nígbà tó yá, kò sí arìnkiri kankan mọ́ ní Minasato, àwọn tó nasẹ̀ jáde nìkan ló kù. Ìgbìmọ̀ tú àgádágodo Ilé Òkè, ibẹ̀ la ti ń mu tíì báyìí. Lánàá ẹ kó òdòdó wá bá mi, ẹ ní mo láàánú. Àánú wo? Ìyá mi ni mo ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mi ò ṣe é fún.

Ẹ mọ Bàbá Usami Tokuji, onígbàjámọ̀, tí ìdajì orí ìlú yìí ti gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá. Nígbà òtútù tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo ti kéde wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Sanae, ìyàwó ọmọ wọn, pè mí: "Ẹ̀gbọ́n Misao, Bàbá ti jáde o, mi ò rí wọn." Mo gbójú sókè láti ojú fèrèsé yìí, mo sì rí Bàbá. Mo rí wọn kedere! Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì ibùdó rélùwéè, fìlà funfun wọn ń bẹ lórí, wọ́n ń jẹ ìrẹsì tí Sanae fúnra rẹ̀ mọ róbótó fún wọn, wọ́n ń juwọ́ sí awakọ̀. Gbólóhùn kan ìbá parí rẹ̀: "Sanae, wọ́n wà ní ibùdó." Mi ò sọ ọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mi ò ti rí nǹkan kéde, àwọn obìnrin ìsọ̀ ẹja sì ti ń sọ fún mi pé ohùn mi dùn ju ti orí rédíò lọ. Ohùn mi ń wù mí í gbọ́. Nítorí ìyẹn, nítorí ìyẹn nìkan, mo tẹ bọ́tìnnì: "A ń wá aṣarán arìnkiri kan. Ọkùnrin ni, ó dé fìlà funfun." Òpó kan wà lókè bẹ́ńṣì yẹn gan-an. Mo rí Bàbá tí wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n wò ó, wọ́n tì í bọ inú ẹ̀wù wọn, wọ́n wá jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó ń retí ẹgba. Mọ́tò ọ́fíìsì gbé wọn lọ sí Ilé Òkè. Ìgbà tí a tú àgádágodo ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wálé, wọn ò sì dé fìlà mọ́. Pé Misao fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo ra àkàrà òyìnbó dídùn tó ní ẹ̀wà pupa nínú, mo lọ bá wọn nílé. Mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀, mo jẹ́wọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n jẹ àkàrà méjì, inú bí wọn gidi: "Ta ni obìnrin burúkú bẹ́ẹ̀? Ṣé ará ìlú yìí ni?"

"Ará ìlú yìí ni, Bàbá."

"Ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà láyé. Kì í sùn dáadáa."

Wọ́n wojú mi lọ títí. "Irun iwájú rẹ yìí ti bò ọ́ lójú. Wá jókòó síbí." Ni wọ́n bá mú sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ wọn ò gbàgbé iṣẹ́, ojú wọn ló ń ṣe bàìbàì, nítorí náà ẹni tó bá pàdé mi lónìí, kó má rẹ́rìn-ín. Àní ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó yẹ mí. Ibi tí wọ́n ti ń gé e lọ́wọ́ ni wọ́n ti sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bí o bá rí obìnrin yẹn, sọ fún un kó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì. Àyè wà." Mo bú sẹ́kún, mo tún bú sẹ́rìn-ín, irun sì ń já bọ́ sí mi lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n tú inú àpótí, wọ́n yọ fìlà funfun náà, wọ́n dé e, wọ́n ní rélùwéè ò ní í pẹ́ dé.

Ẹ̀yin ará ìlú, mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Nozomi, ìwọ tí o máa jókòó síbí láti ọ̀la, ohùn rẹ dùn, má jẹ́ kó pa ọ́ bí ọtí. Orúkọ tí o bá pe èèyàn níbí ni ìlú máa fi kọ́lé fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ pé wọn ò rí mi nílé, ohun tí wàá sọ nìyí, kọ́ ọ sórí: "Màmá Misao nasẹ̀ jáde. Irun iwájú wọn wọ́. Ẹni tó bá rí wọn, kó bá wọn rìn dé bẹ́ńṣì ibùdó rélùwéè. Ẹnìkan ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, ó dé fìlà funfun."